Ọmọdé Kì í Ṣe Àgbàlagbà Kékeré: Àlàyé lórí Iṣẹ́ Yàrá Àyẹ̀wò Ẹ̀jẹ̀ Ọmọdé

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọmọdé ṣe ń lọ nínú yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, láti orí wíwọn èròjà kẹ́míkà inú ẹ̀jẹ̀ títí dé orí kíka DNA. Kókó tí ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọjọ́ orí ọmọ ni ó ń pinnu irú ìbéèrè tí a lè bi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òun náà ni ó sì ń pinnu bí a ó ṣe túmọ̀ ìdáhùn. Àrùn eegun rírọ̀, ibà pọ́njú ọmọ tuntun, àrùn fòníkú-fọ̀ladìde àti kòkòrò HIV ni àpẹẹrẹ tí àlàyé náà dá lé. Ó parí pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni lè fi ìmọ̀ yìí ṣe nínú kíláàsì àti láàrin àwọn òbí.

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀rọ̀ ìrírí ni àwọn àgbà ń fi òwe yìí sọ: ọdún ni ó ń sọ aṣọ di àkísà, kò sì sí ọjà tí ọmọdé ti lè ra ọdún. Bí a bá gbé òwe náà dé yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, yóò tún rí iṣẹ́ mìíràn ṣe níbẹ̀. Ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ní ẹ̀dọ̀ bí àgbà, ó ní kíndìnrín, ó ní eegun, ó sì ní ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ọdún ń ṣe sí àwọn ẹ̀yà ara wọ̀nyí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí tirẹ̀. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n àgbà wọn ẹ̀jẹ̀ ọmọdé yóò rí àìsàn níbi tí kò sí, yóò sì fo èyí tí ó wà gan-an dá.

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ìwé ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó ń béèrè ìwé jẹ́nótáìpù nígbà tí òbí bá mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀. Olùkọ́ ni ó sì ń kọ AA, AS tàbí SS sínú àkọsílẹ̀. Bí ọdún bá gorí ọdún, ohun tí a kọ sílẹ̀ yẹn lè di ohun tí ẹni náà yóò gbára lé nígbà tí ó bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó tàbí lọ sí ilé ọkọ. Bí èsì náà bá ti wọ́ láti ìgbà ọmọdé, wíwọ́ rẹ̀ kò ní hàn títí a ó fi bí ọmọ tí ara rẹ̀ kò ní dá. Ó yẹ, nígbà náà, kí olùkọ́ mọ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣe ń wáyé, kí ó sì mọ ìgbà tí kò yẹ kí ó gbà á gbọ́ láìbéèrè.

Ẹ̀ka méjì tí yàrá àyẹ̀wò náà ní

Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò tí ó wà fún ọmọdé pín sí ọ̀nà méjì pàtàkì. Èkíní ni wíwọn àwọn èròjà kẹ́míkà tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀: súgà, iyọ̀, kálísíọ̀mù, purotéènì, ẹ́ńsáìmù, àti àwọn ìdọ̀tí tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín gbọ́dọ̀ dà nù. Èkejì ni kíka DNA, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tí ọmọ gbà lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀, tàbí wíwá DNA àti RNA kòkòrò àrùn tí ó wọ inú ara ọmọ náà.

A lè fi ọbẹ̀ ṣe àfiwé. Ẹ̀ka kìíní dà bí ẹni tí ó bu ọbẹ̀ tọ́ wò, tí ó sọ pé iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù tàbí pé epo rẹ̀ kò tó. Ẹ̀ka kejì dà bí ẹni tí ó yẹ ìlànà tí alásè tẹ̀ lé wò, tí ó sì rí ibi tí àṣìṣe ti wọ inú ìlànà náà. Bí ọbẹ̀ bá dùn lónìí, ìlànà tí ó wọ́ lè ba tọ̀la jẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ẹ̀ka méjèèjì fi ń bá ara wọn ṣiṣẹ́: èkíní ń sọ bí ara ọmọ ṣe wà ní wákàtí tí a gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èkejì ń sọ ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó bá pàdé bí ó ṣe ń dàgbà.

Ẹ̀jẹ̀ tí kò tó nǹkan

Ìṣòro àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò ọmọdé ní ni pé ẹ̀jẹ̀ náà kò pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà tó nǹkan bíi lítà 5. Ti ọmọ tuntun tí ó wọn kílógíráàmù 3 kò ju nǹkan bíi mílílítà 250 lọ. Ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé, tí kò wọn ju kílógíráàmù 1 lọ, ní nǹkan bíi mílílítà 90 péré. Bí a bá fa mílílítà 5 lára irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó ju ìdá kan nínú ogún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí ẹni fa ohun tí ó ju mílílítà 250 lọ lára àgbàlagbà ni. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ yóò sọ ọmọ di aláìlẹ́jẹ̀ lára.

Nítorí èyí ni a ṣe ń gún ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ọmọ tuntun dípò kí a máa wá iṣan rẹ̀ kiri. Ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ ni a ń gún, a kì í gún ẹ̀yìn gìgísẹ̀ níbi tí eegun ti súnmọ́ awọ ara. A máa ń mú ẹsẹ̀ náà lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè sàn wá fúnra rẹ̀. Bí a bá fún un bí ẹni ń fún ọsàn, sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀ yóò fọ́, pòtáṣíọ̀mù inú wọn yóò tú jáde, èsì yóò sì sọ pé pòtáṣíọ̀mù ọmọ ti ga débi ewu, nígbà tí kò sí ohun tí ó ṣe ọmọ.

Àkókò pẹ̀lú ń bá ẹ̀jẹ̀ jà. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ kì í ṣíwọ́ jíjẹ súgà nítorí pé a ti fi í sínú ìgò. Bí a kò bá fi kẹ́míkà tí ó ń dá a dúró sí i, súgà inú ẹ̀jẹ̀ náà lè dín ní ìdá 5 sí 7 nínú 100 ní wákàtí kan. Ẹ̀jẹ̀ tí a gbà ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ tí ó dé yàrá àyẹ̀wò ní ọ̀sán lè sọ pé súgà ọmọ ti lọ sílẹ̀ nígbà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ọmọ, ní ọwọ́ nọ́ọ̀sì tí ó gba ẹ̀jẹ̀ àti ẹni tí ó gbé e rìn.

Ọ̀nà kan tí ó yanjú púpọ̀ nínú ìṣòro yìí ni èyí tí Robert Guthrie, oníṣègùn ará Buffalo ní Amẹ́ríkà, gbé kalẹ̀. Ní ọdún 1963, òun àti Ada Susi ṣàlàyé bí a ṣe lè kán ẹ̀jẹ̀ gìgísẹ̀ sórí bébà tí ń fa omi, kí a jẹ́ kí ó gbẹ, kí a sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò tí ó jìnnà. Àrùn tí wọ́n ń wá nígbà náà ni PKU, àrùn àjogúnbá tí kì í jẹ́ kí ara lo èròjà kan tí ó wà nínú oúnjẹ aṣaralóore bí ó ti yẹ, tí ó sì ń ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Asbjørn Følling ni ó ṣàwárí àrùn náà ní Norway ní ọdún 1934. Bí a bá tètè mọ̀, tí a sì yí oúnjẹ ọmọ padà, ọpọlọ rẹ̀ kò ní bàjẹ́. Bí a bá dúró kí àmì rẹ̀ hàn, èyí tí ó ti bàjẹ́ kò ní padà. Láti ara bébà yìí ni àṣà àyẹ̀wò gbogbo ọmọ tuntun ti tàn kálẹ̀. Òun náà ni a ṣì ń lò lónìí láti gbé ẹ̀jẹ̀ ọmọdé láti abúlé dé ìlú ńlá láìlo yìnyín.

Gbèdéke tí ọjọ́ orí ń yí padà

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ èsì kọ̀ọ̀kan nínú ìwé àyẹ̀wò ni a máa ń kọ nọ́ńbà méjì tí ó ṣàfihàn ibi tí èsì ẹni tí ara rẹ̀ le máa ń wà. Iṣẹ́ yìí pe èyí ní gbèdéke. Àgbàlagbà lè lo gbèdéke kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù tí àwọn onímọ̀ ń pè ní alkaline phosphatase jẹ́ àpẹẹrẹ. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe é, eegun tí ń dàgbà náà sì ń ṣe é. Nítorí náà, ti ọmọdé máa ń ga ju ti àgbàlagbà lọ, pàápàá ní ìgbà tí ọmọ bá ń yára ga. Ẹni tí ó bá fi gbèdéke àgbà kà á yóò rò pé ẹ̀dọ̀ ọmọ ti bàjẹ́. Òdì-kejì rẹ̀ ni kreatínínì, ìdọ̀tí tí iṣan ara ń mú wá tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù. Iṣan ọmọdé kéré, nítorí náà kreatínínì rẹ̀ kéré. Iye tí a ó fi sọ pé kíndìnrín àgbàlagbà dára lè jẹ́ àmì pé kíndìnrín ọmọ ọdún méjì ti ń kú lọ. Ti ọmọ ọjọ́ kan tilẹ̀ tún yàtọ̀, nítorí pé kreatínínì ìyá rẹ̀ ni ó ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Jos fi hàn bí wíwọn ẹ̀jẹ̀ ọmọdé dáadáa ṣe lè yí ìtọ́jú padà. Àwọn ọmọdé kan wà níbẹ̀ tí eegun wọn rọ̀, tí ẹsẹ̀ wọn sì wọ́. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ohun tí a mọ̀ sí okùnfà àrùn yìí ni àìtó fítámínì D, èyí tí oòrùn ń ràn wá lọ́wọ́ láti ṣe sínú ara. Ṣùgbọ́n báwo ni oòrùn yóò ṣe wọ́n ọmọ Nàìjíríà? Nínú iṣẹ́ ìwádìí tí Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1999, a rí i pé kálísíọ̀mù inú oúnjẹ àwọn ọmọ náà ni ó kéré jọjọ. Àwọn tí a fún ní kálísíọ̀mù, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámínì D, san ju àwọn tí a fún ní fítámínì D nìkan lọ. Bí kì í bá ṣe pé a wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ náà, oògùn tí ó bá ọmọ ilẹ̀ mìíràn mu ni a ì bá máa fún wọn lọ.

Ibà pọ́njú: àyẹ̀wò tí kò lè dúró di ọ̀la

Ojú ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun máa ń pọ́n bí ìyeyè ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a bí wọn. Bilirúbínì ni ó fà á, èròjà tí ó ń jáde nígbà tí sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó ti gbó bá fọ́. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà máa ń dà á nù. Ẹ̀dọ̀ ọmọ tuntun kò tíì gbó tó láti ṣe bẹ́ẹ̀ dáadáa. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ, ọjọ́ mélòó kan ni yóò fi lọ. Fún àwọn mìíràn, bilirúbínì yóò ga títí yóò fi wọ inú ọpọlọ. Bí ó bá ti wọ ibẹ̀, ọmọ lè kú. Bí kò bá kú, ó lè di adití, tàbí kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́. Olùkọ́ lè bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pàdé ní ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, kí ó rò pé olórí kunkun ni, nígbà tí ó jẹ́ pé àyẹ̀wò kan tí a kò ṣe ní ọjọ́ kẹta ayé rẹ̀ ni ó fà á.

Ojú lásán kò tó láti díwọ̀n rẹ̀, pàápàá lára ọmọ tí awọ rẹ̀ dúdú. Ẹ̀jẹ̀ ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n, kí a sì fi iye wákàtí tí ọmọ ti lò láyé ka èsì náà. Èsì kan náà tí kò ní dẹ́rù ba dókítà lára ọmọ ọjọ́ márùn-ún lè jẹ́ ewu ńlá lára ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ kan.

Yàrá àyẹ̀wò náà ni ó ṣí ọ̀nà ìtọ́jú àrùn yìí. Ní ọdún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford ní Essex, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nọ́ọ̀sì Jean Ward ṣàkíyèsí pé ibi tí oòrùn bá ti tàn sí lára ọmọ kì í pọ́n bí ibi tí aṣọ bò. Lẹ́yìn èyí, ìgò ẹ̀jẹ̀ ọmọ kan pẹ́ lójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń tàn sí i. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, bilirúbínì inú rẹ̀ ti dín púpọ̀ sí iye tí a retí. Cremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé ìmọ̀ yìí, wọ́n sì kéde ní ọdún 1958 pé ìmọ́lẹ̀ lè wo ibà pọ́njú. Láti ìgbà náà ni a ti ń tẹ́ ọmọ sábẹ́ iná àràmàǹdà tí ó ní àwọ̀ aró. Láti ìgbà náà pẹ̀lú ni a ti ń bo ìgò ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ kí èsì má baà wọ́.

Èkó náà ní ìpín nínú ìtàn yìí. Níbi tí iná mànàmáná kì í ti dúró, iná ìtọ́jú kò wúlò. Ìwádìí tí a ṣe ní ilé ìwòsàn àwọn aboyún kan ní Èkó, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2015, lo ìbòrí onírọ́bà pẹlẹbẹ tí ń sẹ́ ìtànṣán tí ó léwu kúrò lára oòrùn, tí ó sì ń jẹ́ kí èyí tí ó wúlò kọjá. Ìtọ́jú náà ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú tí a lè gbé yẹ̀ wò. Ti iná ilé ìwòsàn jẹ́ ìdá 90. Èyí kò túmọ̀ sí pé kí ìyá gbé ọmọ sínú oòrùn lásán kí ó má sì lọ sí ilé ìwòsàn. Abẹ́ ìbòrí, lójú nọ́ọ̀sì, pẹ̀lú wíwọn ẹ̀jẹ̀ lemọ́lemọ́ ni a ti ṣe é.

Ohun kan wà tí ó mú kí ibà pọ́njú le ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ́ńsáìmù kan tí a ń pè ní G6PD ni ó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì pupa. Nǹkan bí ọkùnrin 1 nínú 5 láàrin àwọn Yorùbá ni ẹ́ńsáìmù yìí kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn kánfọ̀ tí a fi sínú àpótí aṣọ, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ wìtìwìtì. Aṣọ tí ìyá fi ìfẹ́ tọ́jú pamọ́ de ọmọ rẹ̀ lè di ohun tí yóò gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn.

Fòníkú-fọ̀ladìde: lẹ́tà kan tí ó yí padà

Orúkọ tí Yorùbá fún àrùn yìí jẹ́ àkíyèsí tí ó jinlẹ̀. Ẹni tí ó so ó ti wo aláìsàn náà fún ìgbà pípẹ́: lónìí ó fẹ́ kú, lọ́la ó ti dìde. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn náà ṣe ń lọ tí ó sì ń bọ̀. Àwọn orúkọ bíi Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòkúmọ́ náà jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn baba ńlá wa rí i pé ikú ọmọ máa ń pọ̀ nínú ìdílé kan ju òmíràn lọ. Ó ṣeé ṣe kí àrùn yìí wà lára ohun tí a pè ní àbíkú, ṣùgbọ́n ibà àti ìgbẹ́ gbuuru náà ti pa ọmọ púpọ̀. Kò tọ́ kí olùkọ́ sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé ohun kan náà ni àwọn méjèèjì.

Ní ọdún 1910 ni James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó tẹ̀ bíi dòjé. Ní ọdún 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi iná mànàmáná fa hẹmoglóbínì, èròjà pupa tí ń gbé atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì rí i pé ti aláìsàn kì í rìn bíi ti ẹni tí ara rẹ̀ dá. Vernon Ingram ní Cambridge fi hàn ní ọdún 1956 sí 1957 pé àmínò ásíìdì kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀. Lónìí a mọ̀ pé nínú DNA, lẹ́tà A kan ni ó di T. Ẹni tí ó gba hẹmoglóbínì S lọ́wọ́ òbí kan àti A lọ́wọ́ èkejì ni AS. Ẹni tí ó gba S lọ́wọ́ àwọn méjèèjì ni SS. Hẹmoglóbínì C náà wà láàrin àwọn Yorùbá, ẹni tí ó bá jẹ́ SC sì ní irú àrùn yìí.

Ibi tí ọjọ́ orí ti wọ inú ọ̀rọ̀ náà nìyí. Hẹmoglóbínì tí ó pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kì í ṣe A, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe S. F ni, èyí tí ó lò nínú ọlẹ̀. F kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ SS fi máa ń ta kébékébé ní oṣù àkọ́kọ́. Bí oṣù mẹ́fà bá ń súnmọ́, F yóò ti lọ sílẹ̀, S yóò sì gba ipò rẹ̀. Nígbà náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí wú.

Àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú tí ó kàn ń wò ó bóyá sẹ́ẹ̀lì yóò tẹ̀ tàbí kò ní tẹ̀ kò lè rí nǹkan lára ọmọ tí F kún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ó ń fi iná mànàmáná fa hẹmoglóbínì pẹ̀lú lè tan ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà jẹ, nítorí pé F máa ń dúró sí ìtòsí A. Ọmọ tí ó ní F àti S nìkan ni a lè kà sí AS. Òbí yóò gba ìwé náà, yóò dúpẹ́, yóò sì lọ sílé láìmọ̀ pé ọmọ SS ni òun gbé lọ́wọ́. Yàrá àyẹ̀wò tí ó mọ iṣẹ́ ọmọdé máa ń lo ẹ̀rọ tí ń ya hẹmoglóbínì kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ tí ó sì ń wọn iye rẹ̀. Ó máa ń kọ èsì ọmọ tuntun ní FA, FAS tàbí FS. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kí a tún àyẹ̀wò ṣe nígbà tí ọmọ bá dàgbà díẹ̀ sí i.

Bí iyèméjì bá ṣẹ́kù, DNA yóò parí ẹjọ́. Ọ̀nà tí a ń pè ní PCR, èyí tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún Kary Mullis ní ọdún 1993, máa ń ṣe ẹ̀dà ibi tí a fẹ́ kà nínú DNA. Ẹ̀dà kan di méjì, méjì di mẹ́rin. Bí a bá ṣe é ní ìgbà 30, ẹ̀dà kan yóò ti ju bílíọ̀nù kan lọ. Ìdí nìyí tí ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ orí bébà fi tó. Àyẹ̀wò fòníkú-fọ̀ladìde gan-an ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a fi ọ̀nà yìí ṣe nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1985. DNA tí ọmọ gbà láti inú oyún kì í yí padà bí F ti ń di S; ọjọ́ kan tàbí ọgọ́ta ọdún, bákan náà ni.

Kí ni èrè títètè mọ̀? Àrùn yìí máa ń ba ẹ̀yà ara kan jẹ́ nínú ikùn ọmọ, èyí tí ń sẹ́ kòkòrò àrùn kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Kòkòrò tí ń fa òtútù àyà lè pa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàrin ọjọ́ kan. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986 fi hàn pé pẹnisílínì tí a fún àwọn ọmọ SS ní ojoojúmọ́ dín irú àkóràn yìí kù ní ìdá 84 nínú 100. Ní Jamaica, níbi tí Graham Serjeant àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ọmọ tuntun ní ọdún 1973, a kọ́ àwọn ìyá bí a ṣe ń fi ọwọ́ tẹ ikùn ọmọ láti mọ̀ bí ẹ̀yà ara náà bá ń wú. Ikú tí ó ń ti ibẹ̀ wá sì dín kù. Pẹnisílínì kò wọ́n, ọwọ́ ìyá kò sì ní iye owó. Ohun tí ó wọ́n ni kí a mọ ọmọ tí ó nílò wọn kí oṣù mẹ́ta tó pé. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú díwọ̀n rẹ̀ ní ọdún 2006 pé nǹkan bí ọmọ 150,000 tí ó ní àrùn yìí ni a ń bí lọ́dọọdún ní Nàìjíríà.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn bá ń dáhùn

Ìgbà kan wà tí a ó bi ẹ̀jẹ̀ ọmọ léèrè ọ̀rọ̀, tí ó sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó ń dáhùn. Àyẹ̀wò HIV tí a ń ṣe fún àgbàlagbà máa ń wá èròjà tí ara ń ṣe láti fi bá kòkòrò náà jà. Ìyá tí ó ní kòkòrò yìí máa ń ta àtaré èròjà náà fún ọmọ nínú oyún, ó sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ títí di oṣù 18. Bí a bá fi àyẹ̀wò àgbà ṣe ti ọmọ oṣù méjì, ìyá ni yóò dáhùn. PCR ni ó ń wá kòkòrò fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ orí bébà tí a gbà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin sí kẹfà lè sọ òtítọ́, kí oògùn sì tètè bẹ̀rẹ̀.

Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ tí a fà sí ọmọ lára. Sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120. Ọmọ SS tí a fa ẹ̀jẹ̀ AA sí lára ní oṣù tí ó kọjá lè mú ìwé AS bọ̀ láti yàrá àyẹ̀wò tí kò béèrè ọ̀rọ̀ wò. Ó yẹ kí a dúró tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, tàbí kí a lọ ka DNA.

Ohun tí ó kan olùkọ́

Àkọ́kọ́, bí òbí bá mú ìwé jẹ́nótáìpù wá, ó yẹ kí olùkọ́ béèrè ohun méjì: ọmọ oṣù mélòó ni nígbà tí a ṣe àyẹ̀wò náà? Ṣé a ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára ní oṣù mélòó kan ṣáájú rẹ̀? Bí ìdáhùn bá mú iyèméjì wá, kí olùkọ́ fi ọ̀wọ̀ gba òbí níyànjú láti tún un ṣe. Kí ó má sọ èsì ọmọ di ọ̀rọ̀ gbangba láàrin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èkejì, nínú ẹ̀kọ́ àjogúnbá, kí olùkọ́ tú àṣìṣe kan tí ó wọ́pọ̀ fó. Bí AS méjì bá fẹ́ra, a máa ń sọ pé ọmọ kan nínú mẹ́rin ni yóò jẹ́ SS. Ọ̀pọ̀ ń rò pé bí àkọ́bí bá ti jẹ́ SS, àwọn mẹ́ta tí ó tẹ̀ lé e ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ń da ọ̀ràn tirẹ̀ ṣẹ́. Olùkọ́ lè fi owó ẹyọ méjì ṣe àfihàn rẹ̀: kí akẹ́kọ̀ọ́ jù wọ́n sókè ní ìgbà 40, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tí méjèèjì dojú dé. Wọn yóò fi ojú ara wọn rí i pé owó kì í rántí ohun tí ó ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀kẹta, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá jẹ́ SS gbọ́dọ̀ máa rí omi mu, kí a sì jẹ́ kí ó jáde lọ tọ̀ nígbà tí ó bá béèrè. Kí a má fi ìyà kíkúnlẹ̀ sínú oòrùn tàbí dídúró sínú òjò jẹ ẹ́. Bí ibà bá mú un, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Àlàyé yìí ti fi hàn pé iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ọmọdé kò dá lórí ẹ̀rọ nìkan. Ó dá lórí bíbéèrè ọjọ́ orí kí a tó ka èsì: wákàtí fún ibà pọ́njú, oṣù fún hẹmoglóbínì àti HIV, ọdún fún eegun àti kíndìnrín. Ó tún ti fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ lè sọ òtítọ́ kí etí tí kò mọ̀ ọ́n gbọ́ sì gbé e gba ibòmíràn. Àwọn agbẹ̀bí, òbí àti olùkọ́ ni ó yí yàrá àyẹ̀wò náà ká, ọwọ́ wọn sì ni èsì ń bọ́ sí. Ó yẹ kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ń kọ́ olùkọ́ fi kíka ìwé èsì àyẹ̀wò kún ẹ̀kọ́ ìlera, kí a sì kọ́ ọ ní èdè tí ìyá ọmọ gbọ́. Ọmọ SS tí a mọ̀ ní oṣù kejì lè wọ ilé ìwé. Èyí tí a kọ AS fún ní àṣìṣe lè má dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì rárá.